Ìka Tó Wà Lórí Bọ́tìnnì

Ẹ̀yin ará Ọ̀bà-Ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí ààfin Ọlọ́bà, ẹ̀yin inú ẹ́sítéètì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ lọ́nà pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ọmọ Èkìmògún tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti Oǹdó, mo kí yín. Ní alaalẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi ká tó ṣí fóònù. Lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ: ta ni à ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ta ni à ń gé lẹ́nu, àti ta ni gígé náà ń ṣe láǹfààní.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà wa pe rédíò nígbà tó dé. Ẹ tún orúkọ náà gbọ́. Wọn ò fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò fi wáyà tàbí àpótí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Èkó ni ìjọba òyìnbó ti kọ́kọ́ fa wáyà rẹ̀ wọ ilé àwọn èèyàn ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939, ohun tó sì ya àwọn bàbá wa lẹ́nu jù lọ ni pé nǹkan kan lè wọlé tọ èèyàn, kó kí i káàárọ̀, kó má sì dúró gba ìdáhùn. Lójú Yorùbá, ẹni tó kí ọ tí kò dúró gba ìdáhùn, ìwà rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Àbùkù tí wọ́n rí lára rédíò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìwé ìròyìn ti ń gbèsì ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, Yorùbá ti mọ̀ pé ẹni tó bá kàwé lè gbé kálàmù. Ní 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde, obìnrin tó ní òun wà lórí àìsàn, tó ń ka ìgbésí ayé òun sílẹ̀ fún aráyé gbọ́. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n bá a kẹ́dùn, olóòtú sì ń tẹ ohun tí wọ́n kọ. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá. Mo mú un wá síbí nítorí pé ó fi hàn bí ọwọ́ olóòtú ṣe gùn tó. Òun ló ń yan lẹ́tà tí ìlú máa kà. Lẹ́tà tó bá sọ sínú apẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò kọ ọ́ rárá ni.

Fóònù alágbèéká dé sọ́dọ̀ wa ní 2001, asọ̀rọ̀mágbèsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèsì. Ọlọ́kadà ń pè, aláta ń pè, ẹni tí kò fi ọwọ́ kan bébà rí láyé rẹ̀ ń pè. Lẹ́tà máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà, olóòtú á kà á, á tún un kà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá pè wá báyìí, ẹnìkan wà nínú yàrá kejì tó máa kọ́kọ́ bi yín léèrè orúkọ àti àdúgbò yín, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Òun ló máa taari yín sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó rọ́wọ́ mú ń lò, tó máa ń dá ohùn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó jáde, kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lè tẹ bọ́tìnnì bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ wọ́. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ yẹn, ìka èèyàn nìkan ló kù, ìka náà sì gbọ́dọ̀ yára ju ahọ́n lọ.

Ẹ má rò pé èébú nìkan là ń ṣọ́ o. Èébú rọrùn. Ẹnìkan lè pè lóhùn pẹ̀lẹ́, kó ní kí n bá òun kí obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀, kó wá dárúkọ ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ obìnrin náà. Kíkí ni. Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti òkèèrè wá á gbé e jáde, á tún fi orin sí i lẹ́yìn. Ẹni tó mọ àdúgbò nìkan ló máa gbọ́ ọ̀bẹ tó wà nínú kíkí yẹn.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe rí fún yín gbọ́. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí mo wà yìí ló ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nítorí èmi ni mo jókòó sídìí máìkì lọ́jọ́ náà.

Ètò òwúrọ̀ ni, a ń sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ọkùnrin kan pè, ó ní kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún obìnrin kan tó ń gún iyán tà. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó sọ àdúgbò, ó sọ àwọ̀ ọ̀dà tó wà lára ilẹ̀kùn búkà náà, ó sọ igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní inú kòtò ni obìnrin yẹn ti ń pọn omi tó fi ń se iṣu. Ta ni ò mọ ẹni tó ń bá wí? Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì, n kò tẹ̀ ẹ́. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kò sáà dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó la ìlú lójú.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin náà wá. Ó pọn ọmọ. Ó dúró lẹ́nu géètì, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí olómi fi ń kọ iye kẹ́ẹ̀gì tó ń gbé wá fún un lójoojúmọ́. Ó ní kí n kà á. Mo kà á. Ó ní òun mọ ohùn ọkùnrin tó pè, ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní iyán ọjọ́ méjì ti bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí n kò tíì rí ìdáhùn rẹ̀ títí di òní: ó ní kí ló dé tí ẹ kò wá wo búkà mi kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lówe, èmi sì ṣe é lójú ìlú. A tọrọ àforíjì, ẹ̀ẹ̀mẹta la kà á lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la kà á. Aago méje àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ burúkú náà ti jáde, nígbà tí gbogbo mọ́tò tó ń ti Ọ̀bà-Ilé wọ Àkúrẹ́ ń gbọ́ wa. Àtúnṣe wá jáde nígbà tí àwọn tó gbọ́ irọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nínú ọdún yẹn kan náà, bàbá àgbàlagbà kan máa ń pè wá láti Ọ̀bà-Ilé níbí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Bàbá kì í kánjú. Wọ́n á kí wa, wọ́n á béèrè àlàáfíà ilé wa, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, káàdì wọn á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó dé orí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè nítorí gọ́tà kan tí owó rẹ̀ ti jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró láàárín ọ̀nà, tí àgbàrá ń wọlé àwọn èèyàn. Wọ́n dárúkọ ọ́fíìsì tó gba owó náà. Wọ́n fẹ́ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù iṣẹ́ ọ̀hún fún wa. Bàbá kò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò ṣépè. Ọ̀rọ̀ wọn kò tíì dé ìdajì tí mo fi tẹ bọ́tìnnì. Mo wá sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ pé nẹ́tíwọ̀kì bàbá wa kò dára.

Nẹ́tíwọ̀kì dára. Irọ́ ni mo pa.

A fi nọ́ńbà bàbá kún àwọn nọ́ńbà tí a kò gbọ́dọ̀ gbé mọ́. Bàbá pè lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè lọ́jọ́ kẹta. Mò ń wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń tàn tó ń kú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé a ti gé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ní tiwọn, wọ́n á máa rò pé fóònù àwọn ni kò dára.

Ẹ gbé méjèèjì síwájú yín kẹ́ ẹ wò ó. Irọ́ tó pa oníyán lẹ́kún, mo jẹ́ kó kọjá. Òótọ́ tí bàbá fẹ́ sọ, mo gé e. Ìka kan náà ni, máìkì kan náà ni. Kí ló dé? Oníyán kò ní lọ́yà. Kò lè ti ilé iṣẹ́ rédíò pa. Ọ́fíìsì yẹn lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ọ̀gá wa má fojú kan oorun. Èmi ń pe ara mi ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kó má pa ẹnikẹ́ni lára. Ara mi ni mò ń ṣọ́.

Ẹ̀rù tó ń bà wá yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, n kò ní tàn yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí oṣù karùn-ún 2009. Àtúndì ìbò gómìnà Èkìtì ti dá gbọ́nmi-si-omi-ò-tó sílẹ̀, àjọ NBC tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wá ti Adaba FM pa ní Àkúrẹ́ wa níbí, ó ní ohun tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ẹ tan rédíò, kò sí ohùn. Gbogbo àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí ní àyíká yìí ló gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ní 2020, wọ́n tún ìwé òfin iṣẹ́ náà ṣe, ìtanràn lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra fò láti 500,000 náírà sí 5,000,000 náírà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n bu mílíọ̀nù márùn-ún lé Nigeria Info ní Èkó nítorí ọ̀rọ̀ tí àlejò wọn, Dókítà Obadiah Mailafia, sọ. Àlejò ló sọ ọ́, onílé ni wọ́n ní kó sanwó. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ń fi ìpolówó àgbo jẹun, ibo ló ti fẹ́ rí mílíọ̀nù márùn-ún?

Adájọ́ James Omotosho ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ ní 10 oṣù karùn-ún 2023 pé NBC kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì lágbára láti bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ rédíò lórí. Ó fagi lé 500,000 náírà tí wọ́n bu lé ilé iṣẹ́ 45 lọ́kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹta 2019. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí máìkì, ìka mi ṣì ń sún mọ́ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ti dárúkọ ọ́fíìsì.

Ẹnìkan lè ní ká kúkú jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ máa kọjá. Rárá o. Ìlú tiwa kọ́ la ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ló wọlé ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àwọn èèyàn sì mọ̀ pé Adékúnlé Ajáṣin ni àwọn dìbò fún, iná sọ ní Àkúrẹ́, ó sọ ní Oǹdó, ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò. Kóòtù dá ipò padà fún Ajáṣin lọ́dún yẹn. Àwọn tó kú kò padà wá. Ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú àpótí rédíò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́.

Àwọn ará òkè òkun náà ń bá a jìjàkadì. Ní Ẹsítóníà, orílẹ̀-èdè kékeré kan tí òkun rẹ̀ máa ń di yìnyín nígbà òtútù tí mọ́tò fi ń gba orí rẹ̀ kọjá, ìròyìn kan jáde lórí ìkànnì Delfi ní oṣù kìíní 2006 pé ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ kan ti fọ́ ọ̀nà orí yìnyín náà. Inú bí àwọn èèyàn, èsì bíi 185 wọlé. Nǹkan bí 20 nínú wọn jẹ́ èébú àti ìhàlẹ̀ mọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Delfi ní ẹ̀rọ tó ń ṣa ọ̀rọ̀ rírùn kúrò. Ẹ̀rọ náà kò rí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ní oṣù kẹfà 2015 wọ́n fọwọ́ sí i pé kò burú bí ilé ẹjọ́ Ẹsítóníà ṣe dá Delfi lẹ́bi. Owó tí ilé ẹjọ́ Ẹsítóníà ní kó san jẹ́ 320 yúrò péré, ṣùgbọ́n ohun tí ẹjọ́ náà ń sọ wúwo ju owó náà lọ: bí ẹ bá pe èrò wá sínú àgbàlá yín, ẹ ò lè ní ẹ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1995, ilé ẹjọ́ kan ní New York dẹ́bi fún Prodigy, ilé iṣẹ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn jáde lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣa ọ̀rọ̀ burúkú kúrò. CompuServe, tí kì í ṣa ohunkóhun, ti bọ́ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1991. Ẹni tó gbálẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè pàǹtírí, ẹni tí kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ rárá lọ sílé rẹ̀ lálàáfíà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ẹjọ́ Prodigy, wọ́n ṣe òfin tó gba agbálẹ̀ sílẹ̀.

Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n tún fẹ́ fi ìgbálẹ̀ náà lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ èsì yín sójú ìwé Facebook dípò kẹ́ ẹ pè, ẹ ti rí i. Àwọn èèyàn tí ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, apá kan nínú wọn ti jókòó sí Nairobi ní Kẹ́ńyà rí, tí wọ́n ń wo ohun burúkú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní 2022, Daniel Motaung tó bá wọn ṣe iṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù nítorí ohun tí iṣẹ́ náà ṣe sí ọkàn rẹ̀. Kí ni ẹ̀rọ mọ̀ nípa èdè wa? Bí ẹnìkan bá kọ “ìyá ẹ” ránṣẹ́ sí ẹ, ìyá ni ẹ̀rọ rí. Bí ọ̀rẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rín kọ ọ́ pé “o pa mí lónìí”, pípa ni ẹ̀rọ rí. Àwa náà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wa. Bí ẹnìkan bá kọ “ole” nípa kànsẹ́lọ̀ láìfi àmì sí i, ṣé olè ló ní ọkùnrin náà jẹ́, tàbí ọ̀lẹ? Ọ̀kan nínú méjèèjì lè gbé ẹni tó kọ ọ́ dé kóòtù. Èèyàn tó mọ ẹnu wa ló gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó tó dára fún un.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí báyìí, mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè dì mí mú. Kí ìka mi tó lọ sórí bọ́tìnnì, mo máa ń bi ara mi pé ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣé ó ní ibi tó ti lè fèsì? Ọ́fíìsì ní ibi tó ti lè fèsì. Ó ní agbẹnusọ, ó ní ọkọ̀, ó ní nọ́ńbà ọ̀gá mi. Jẹ́ kí bàbá sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ká pe ọ́fíìsì náà kó wá ṣàlàyé. Oníyán kò ní nǹkan kan àfi ìwé olómi. Ní tirẹ̀, mo máa ń gé e kíákíá, mo sì máa ń pe ẹni tó sọ̀rọ̀ náà padà lẹ́yìn ètò, mo máa ń sọ fún un pé èmi ni mo gé ọ, ìdí tí mo fi gé ọ nìyí, bí o bá ní ẹ̀rí, mú un wá. Àwọn kan máa ń bú mi lórí fóònù. Ó sàn ju irọ́ nẹ́tíwọ̀kì lọ. Bí a bá sì ṣàṣìṣe laago méje àárọ̀, aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì là ń tún un ṣe. Àwọn tó ń gba ìpolówó kò fẹ́ràn èyí, nítorí àkókò yẹn ló níye lórí jù. Mo gbà. Àkókò yẹn náà la fi ba ọjà obìnrin yẹn jẹ́.

Nọ́ńbà bàbá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pè é. Ọmọ wọn obìnrin ló gbé e. Ó ní bàbá wà, etí wọn ló ti wúwo díẹ̀, wọ́n kàn ń gbé rédíò sún mọ́ wọn ni, wọ́n sì ń gbọ́ wa ní alaalẹ́. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ̀kì dára lọ́jọ́ náà. Ó ní wọ́n mọ̀.

Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti sọ fún ẹni tó wà nínú yàrá kejì pé kó má gbé ìpè kankan ṣáájú tiyín. Àwa la máa pè yín láti ibí, ẹ fi káàdì yín sílẹ̀. Ẹ kí wa tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wa, ẹ béèrè àwọn ọmọ, kò sí ìkánjú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ kọ ọjọ́ ara bọ́ọ̀dù yẹn sí, kẹ́ ẹ kà á. Fóònù yín ti ń dún báyìí.